Ìka Méjì Lábẹ́ Tábìlì

Ìka ìfábẹ̀lá ló kọ́kọ́ mira. Ó nà án sórí itan ọ̀tún rẹ̀, lábẹ́ tábìlì, níbi tó rò pé ẹnikẹ́ni kò lè rí i. Ó ká a padà. Ó wá na méjì. Àwọn ìka náà kò tọ́. Oríkèé ti àkọ́kọ́ tẹ̀ sí apá kan bí ẹ̀ka igi tí ewúrẹ́ ti jẹ nígbà tó ṣì tutù, èyí tó tẹ̀lé e sì tẹ̀ sí apá kejì, tó fi jẹ́ pé bí méjèèjì bá nà pọ̀, wọn kì í dọ́gba. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára obìnrin tó jókòó níwájú rẹ̀. Ó ń gbọ́ gbogbo ohun tí obìnrin náà ń sọ. Ìka nìkan ló ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Obìnrin náà fi ọ̀rọ̀ àbúrò ọkọ rẹ̀ tó ti ń rò bọ̀ láti òwúrọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì padà sórí ọ̀rọ̀ ilé.

Làtíìfù Ọlábọ̀wálé ni orúkọ ọkùnrin náà. Lọ́yà ni. Ọ́fíìsì rẹ̀ wà lókè ṣọ́ọ̀bù onídìrí kan ní Rye Lane, ní Peckham, àtẹ̀gùn ibẹ̀ há débi pé ẹni tó ń gòkè gbọ́dọ̀ dúró de ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀. Òórùn ìpara irun máa ń gba àárín pákó gòkè wá, àwọn obìnrin tó bá sì wá rojọ́ lókè a máa yà dirun nísàlẹ̀ kí wọ́n tó lọ sílé. Ẹjọ́ ilé ló ń ṣe. Bí wọ́n bá fẹ́ lé èèyàn jáde, òun ni wọ́n ń sá wá bá. Ó ti kọjá àádọ́ta ọdún díẹ̀, ó ga, kò sanra, orúnkún rẹ̀ a sì máa ké bó bá ti fẹ́ dìde. Àwọn oníbàárà rò pé ogbó ló ń tètè dé sí i. Ìlóṣòó ni. Iṣẹ́ tó kọ́kọ́ ṣe láyé, ìlóṣòó ló fi ṣe é.

Àgége ló ti dàgbà. Ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama nígbà tí kọ́ọ̀ṣì kan láti Kúbà dé sí pápá kan ní Yábàá pẹ̀lú àpò ńlá kan tí igi àti bọ́ọ̀lù aláwọ kún inú rẹ̀. Béèsìbọ́ọ̀lù ni eré náà. Ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù, ẹnì kan á fi igi gbá a, ẹnì kẹta á lóṣòó sẹ́yìn onígi, á sì fi ìbọ̀wọ́ aláwọ hán bọ́ọ̀lù tí igi bá tàsé. Àwọn ọmọ yòókù fẹ́ jù ú, wọ́n fẹ́ gbá a. Kò sí ẹni tó fẹ́ lóṣòó sínú eruku. Làtíìfù ní òun kò kọ̀. Ọmọ tó ń fọ aṣọ àwọn àbúrò rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, ìlóṣòó kì í ṣe àjèjì sí i.

Kọ́ọ̀ṣì náà fà á sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní nínú gbogbo ẹgbẹ́ wọn, ẹni tó lóṣòó yẹn nìkan ló kọjú sí pápá. Gbogbo àwọn tó kù, òun ni wọ́n ń wò; òun nìkan ló ń rí gbogbo wọn. Nítorí náà, òun ni yóò sọ irú bọ́ọ̀lù tí ẹni tó ń jù ú yóò jù. Kò sì gbọdọ̀ fi ẹnu sọ ọ́, kí onígi má baà gbọ́. Ìka ni yóò fi sọ ọ́, láàárín itan. Ìka kan: jù ú tààrà, pẹ̀lú gbogbo agbára. Ìka méjì: jẹ́ kó tẹ̀ lójú ọ̀nà.

Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, ẹgbẹ́ kan ní ìlú kékeré létí òkun ní Ítálì ránṣẹ́ pè é. Wọ́n fún un ní yàrá lókè ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì, wọ́n sì ń san owó oṣù fún un. Kò mọ ọmọ Nàìjíríà mìíràn tó ń jẹun nídìí eré náà nígbà náà. Ìyá rẹ̀, Àsúmáù, lọ gba fóònù rẹ̀ nílé aládùúgbò wọn.

"Ṣé wọ́n ń fún ọ lóúnjẹ?"

"Wọ́n ń fún mi, màámi."

"Iṣẹ́ wo gan-an lò ń bá wọn ṣe?"

Ó ṣàlàyé. Àlàyé náà pẹ́ díẹ̀.

"Jẹ́ kí n wò ó bóyá ó yé mi," ni Àsúmáù wí. "O wọ bàálù, o fò kọjá òkun, o lọ ń lóṣòó fún òyìnbó."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Wọ́n sì ń sanwó ìlóṣòó fún ọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ìyá rẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀. "Má jẹ́ kí bàbá rẹ gbọ́. Láti ìgbà tó ti gbé mi níyàwó ni mo ti ń lóṣòó nídìí ààrò rẹ̀. Kò san kọ́bọ̀."

Kò tíì pẹ́ tó dé Ítálì tí ìjà bẹ́ sílẹ̀. Ọmọkùnrin kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì kún ni wọ́n ní kó máa ju bọ́ọ̀lù sí i. Làtíìfù na ìka méjì. Ọmọ náà mi orí sọ́tùn-ún sósì pé òun kò ní jù ú bẹ́ẹ̀. Làtíìfù rò pé oòrùn ló gba ojú rẹ̀. Ó tún na méjì. Ọmọ náà tún mi orí, níṣojú gbogbo ìlú, níṣojú àwọn ìyá tó gbé ọmọ wá jẹ áíìsìkirìmù. Làtíìfù dìde. Ó rìn lọ bá a láàárín pápá, ó sì bi í léèrè bóyá ilé tí wọn kì í ti í kọ́ ọmọ ni wọ́n ti bí i. Yorùbá ló fi bi í, nítorí èdè Ítálì rẹ̀ kò tíì dé ibẹ̀. Ọmọ náà gbọn orí sókè sódò bí ẹni pé ó gbọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín, ó padà lọ ju bọ́ọ̀lù tó wù ú. Onígi kò sì rí i gbá.

Kọ́ọ̀ṣì àgbà wọn níbẹ̀ ló wá là á yé e lẹ́yìn eré. Ó ní ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀. Orí tó mì yẹn kì í ṣe àfojúdi, ara iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ẹni tí kò bá lè mi orí, bọ́ọ̀lù tí kò gbà gbọ́ ni yóò máa jù. Irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n máa ń gbá fò kọjá odi.

Ó ṣòro fún ọmọ Àgége láti gbé e mì. Ó gbé e mì. Kí ó tó fi ìlú náà sílẹ̀, àwọn tó bá lè mi orí sí i nìkan ló máa ń fẹ́ bá ṣiṣẹ́.

Bọ́ọ̀lù tó fara kan igi lójijì ló ṣẹ́ àwọn ìka rẹ̀, èkíní lọ́dún kan, èkejì lọ́dún mìíràn. Orúnkún rẹ̀ náà sọ tirẹ̀. Ó wá bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní London, ní North Peckham Estate, níbi tí wọ́n ti ń wó àwọn ilé gíga àtijọ́ láti kọ́ tuntun. Ó rí iṣẹ́ ní ọsibítù ńlá ní Camberwell, ó ń fi kẹ̀kẹ́ ti àwọn aláìsàn láti wọ́ọ̀dù kan sí òmíràn. Bó bá dé láti ibi iṣẹ́, àwọn àgbààgbà àdúgbò á ti máa dúró dè é kó bá àwọn lọ síbi tí wọ́n ti ń pín ilé tuntun, nítorí pé ó gbọ́ èdè òyìnbó dáadáa.

Níbẹ̀ ló ti rí nǹkan. Gbogbo ilé tí wọ́n bá fi han àwọn àgbà yìí, "yes" ni wọ́n ń wí. Bàbá kan tí ẹsẹ̀ ń dùn gba ilé òkè tí ẹ̀rọ agbéniròkè rẹ̀ kì í ṣiṣẹ́, nítorí pé ọmọbìnrin tó fi ilé náà hàn án ti kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ rẹ̀. Làtíìfù jókòó sẹ́yìn, ó ń rí gbogbo wọn, kò sì sí ẹni tó ní kó sọ̀rọ̀. Ọdún yẹn gan-an ló forúkọ sílẹ̀ láti kọ́ òfin. Ó ń ti kẹ̀kẹ́ aláìsàn, ó ń kàwé, ó sì pẹ́ kó tó parí. Ìyá rẹ̀ ní inú òun dùn pé ó ti rí àga jókòó lé.

Mìsítúrà Àjíṣafẹ́ ni obìnrin tó jókòó níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Opó ni, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ gbígbálẹ̀ ní ọsibítù kan náà tí Làtíìfù ti ti kẹ̀kẹ́. Ilé tó ń gbé jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n kọ́ sórí ilẹ̀ North Peckham lẹ́yìn ìwólulẹ̀: yàrá méjì, fèrèsé ìdáná tó kọjú sí igi kan. Ibẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ kú sí. Ibẹ̀ ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò le. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn ni àìsàn dá dùbúlẹ̀, Mìsítúrà sì lọ tọ́jú rẹ̀. Ó fi kọ́kọ́rọ́ ilé sílẹ̀ fún Wùmí, nọ́ọ̀sì kan tí ìyá rẹ̀ tó ti kú jẹ́ ọ̀rẹ́ Mìsítúrà, pé kí ó máa sùn níbẹ̀, kí ilé má baà dá wà. Àìsàn náà pẹ́ ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Ààwẹ̀ bá a níbẹ̀, Iléyá bá a níbẹ̀. Nígbà tó padà dé, Wùmí kò tíì rí ilé tirẹ̀, Mìsítúrà kò sì lé e.

Lẹ́yìn náà ni àwọn tó ni ilé rán òṣìṣẹ́ wọn kan wá. Ewú ti bo orí rẹ̀, ó rọra ń sọ̀rọ̀, ó sì bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un. Mìsítúrà se tíì fún un, ó gbé ẹ̀pà sínú àwo.

"Ṣé Nàìjíríà lẹ ti ń gbé látọjọ́ yìí?" ni ọkùnrin náà bi í.

"Yes, sir."

"Ọmọbìnrin yìí ló wá ń gbé ibí?"

"Yes, sir."

"Ó sì ń fún yín lówó?"

Mìsítúrà rántí èyí tí Wùmí fi lé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ ọdún. "Yes, sir. Ọmọ dáadáa ni."

Ọkùnrin náà mu tíì rẹ̀ tán, ó dúpẹ́, ó wọ bàtà. Kò pẹ́ tí wọ́n fi pè é lẹ́jọ́ pé ó ti kó kúrò, ó sì ti fi ilé onílé háyà fún ẹlòmíràn.

"Màmá," ni Làtíìfù wí, "kí ló dé tẹ́ ẹ fi dá a lóhùn bẹ́ẹ̀?"

"Àlejò ni. Inú ilé mi ló wà. Kò tíì mu tíì dé ìdajì. Ṣé kí n wá máa bá àgbàlagbà jiyàn nídìí tíì?"

"Kì í ṣe iyàn, Màmá. Ìbéèrè ló ń bi yín."

"Ó ti mọ èyí tó fẹ́ gbọ́," ni Mìsítúrà wí. "Mo rí i lójú rẹ̀. Mi ò fẹ́ kó rìn lásán."

Ohun tó wà nílẹ̀ nìyẹn. Wùmí yóò sọ tirẹ̀ ní kóòtù, yóò sì sọ ọ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n Mìsítúrà fúnra rẹ̀ ni lọ́yà àwọn onílé yóò dojú kọ, yóò sì fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún un pé ó ti kó lọ, àbí kò kó lọ. Bó bá tún sọ "yes, sir" níbẹ̀, ó parí.

Làtíìfù bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò. Kíkí ló ṣe bí lọ́yà àwọn onílé. Ọmọ tí wọ́n bí ní Camberwell ni Kíkí, ó ti gboyè nínú òfin, ó sì ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Làtíìfù. Ó dìde, ó fa aṣọ rẹ̀ tọ́.

"Mrs Àjíṣafẹ́, ẹ ti kó lọ sí Nigeria, abi?"

"Yes, my dear."

"Mummy, no. Ẹ ò gbọdọ̀ sọ yes."

"Ohùn rẹ ló dùn."

"Ṣé kí n máa shout lé yín lórí ni?"

"Má ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Ọ̀fun á máa dùn ọ́."

Wọ́n tún un ṣe lọ́jọ́ mìíràn, wọ́n sì tún un ṣe. Díẹ̀díẹ̀ ó bẹ̀rẹ̀ sí í dára. Kíkí á béèrè pé ó kó lọ, Mìsítúrà á ní "no". Á béèrè pé owó ilé ni Wùmí ń san, á ní "no". Bó bá sì tó àkókò láti ṣàlàyé, á ṣàlàyé. Inú Làtíìfù dùn. Ó sin Mìsítúrà dé orí àtẹ̀gùn, ó ń gbọ́ bó ṣe ń kí àwọn onídìrí nísàlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tó padà wọlé, Kíkí ṣì wà lórí ìdúró.

"Uncle, ọwọ́ yín ni."

"Ọwọ́ wo?"

"That thing tẹ́ ẹ máa ń ṣe lórí itan. One finger, Mummy á máa sọ̀rọ̀ lọ. Two fingers, wọ́n á ní no. Wọn ò tiẹ̀ gbọ́ question mi, innit. Ẹ̀gbẹ́ tábìlì ni wọ́n ń yọjú sí. Itan yín ni wọ́n ń wò."

Làtíìfù gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sórí tábìlì, ó wò ó bí ẹni tí wọ́n mú ọmọ rẹ̀ wá sílé láti àgọ́ ọlọ́pàá. Kò mọ̀ pé òun ń ṣe é. Kò mọ iye ọdún tó ti ń ṣe é. Bí adájọ́ bá rí i pé ó ń na ìka sí ẹni tó ti búra, ẹjọ́ náà ti bàjẹ́, ìwé àṣẹ tó fi ń ṣe lọ́yà sì lè bá a lọ. Èyí tó tún burú jù ni pé Màmá kò tíì kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ̀. Ìka méjì ló kàn ń gbọ́ràn sí lẹ́nu.

"Ẹ jẹ́ ká fi bandage wé e," ni Kíkí wí.

"Kí n máa lọ síwájú adájọ́ bí ẹni tó jà?"

"I'm just saying."

Nígbà tí Mìsítúrà padà wá, Làtíìfù sọ fún un. Ojú kò tì í rárá.

"Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Mo ní ẹ̀yin lẹ mọ ọ̀nà."

"Ní kóòtù, ẹ kò gbọdọ̀ wo ọwọ́ mi, Màmá."

"Ta ni kí n wá máa wò?"

"Ẹni tó ń bi yín ní ìbéèrè."

"Ṣé àgbà ni?"

"Àgbà ni."

"Kí n wo àgbà lójú, kí n sì sọ fún un pé kò rí bẹ́ẹ̀." Mìsítúrà rọra ń sọ ọ́, bí ẹni tó ń ka iye ọjà tó wọ́n.

Làtíìfù ti àga rẹ̀ sẹ́yìn, ó wá sí àárín yàrá, ó sì lóṣòó. Orúnkún rẹ̀ ké. Ó na ọwọ́ òsì síwájú bí ẹni pé ìbọ̀wọ́ wà nínú rẹ̀, ó sì sọ ìtàn ọmọkùnrin Ítálì fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, títí kan ìbéèrè tó fi Yorùbá bi í. Mìsítúrà rẹ́rìn-ín títí ó fi fi etí gèlè nu ojú.

"Ẹ sì jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀?"

"Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Bí kò bá kọ̀ fún mi, a ò ní jẹ. Ẹ wò ó, Màmá." Ó na ìka méjì. "Ẹ mi orí sí mi."

"Lọ́yà, ẹ̀yin lẹ mọ̀wé."

"Ẹ mi orí."

Mìsítúrà wo Kíkí. Kíkí wo ojú fèrèsé. Mìsítúrà mi orí díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ lé eṣinṣin.

"Mi ò rí i."

Ó tún mi í. Yẹtí rẹ̀ mì pẹ̀lú rẹ̀.

"Ó kù kí ẹ ṣe é níwájú adájọ́," ni Làtíìfù wí.

"Ó kù kí ẹ dìde nílẹ̀," ni Mìsítúrà wí. "Kíkí, fún un lọ́wọ́."

Lọ́jọ́ ẹjọ́, Wùmí kọ́kọ́ sọ tirẹ̀, ó sì yanjú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pe Mìsítúrà. Ó fi Kùránì búra. Lọ́yà àwọn onílé dìde, Kíkí sì mí sínú. Ewú bo orí ọkùnrin yìí náà. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ní ojú àánú, ó sì kí Mìsítúrà kó tó bẹ̀rẹ̀. Ká ní oníwàhálà ni, ì bá sàn.

Làtíìfù jókòó. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan rẹ̀, ó sì jókòó lé wọn bí ọmọ ilé ìwé tí wọ́n jẹ níyà.

"Mrs Àjíṣafẹ́," ni lọ́yà àgbà náà wí, "òótọ́ ibẹ̀ ni pé ẹ ti kó lọ sí Nàìjíríà. Ṣé bẹ́ẹ̀ kọ́?"

Ojú Mìsítúrà lọ síbi tó ti mọ́ ọn lára. Ó wá ọwọ́ Làtíìfù. Kò rí i. Ó wo orí tábìlì, kò sí níbẹ̀. Làtíìfù tẹjú mọ́ ògiri tó wà lókè orí adájọ́. Abẹ́ itan rẹ̀ ni ìka rẹ̀ ti ń jà.

Adájọ́, obìnrin tó wọ jígí sí ṣóńṣó imú, gbé ojú sókè. "Mrs Àjíṣafẹ́, ṣé ìbéèrè náà yé yín?"

Mìsítúrà yí padà sí ọkùnrin onírun funfun náà. Ó wò ó lójú. Yẹtí rẹ̀ ló kọ́kọ́ mì, kí ẹnu tó là.

"No, sir."

Ọkùnrin náà tẹ orí síwájú bí ẹni tí kò gbọ́ dáadáa.

"No, sir. Ẹ má bínú. Ẹ̀gbọ́n mi ni mo lọ tọ́jú. Gbogbo ìkòkò mi wà nílé. Obìnrin wo ló ń kó kúrò nílé tó ń fi ìkòkò rẹ̀ sílẹ̀?"

"Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún òṣìṣẹ́ wa pé bẹ́ẹ̀ ni."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀, sir."

Ọkùnrin náà rọra jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn balẹ̀. Ó fẹ́ lọ sórí ìbéèrè mìíràn, ṣùgbọ́n adájọ́ ti gbé bírò sílẹ̀.

"Kí ló dé tí ẹ fi sọ ọ́, bí kì í bá ṣe òótọ́?"

"Kò tíì mu tíì rẹ̀ tán, ma."

Adájọ́ ti jígí rẹ̀ sókè.

"Àgbà ni," ni Mìsítúrà wí. "Ó bọ́ bàtà wọlé mi. Nílé wa, ẹni tó bá ṣì ń jẹ tó ń mu nínú ilé rẹ, o kì í sọ fún un pé ohun tó ń wí kò rí bẹ́ẹ̀. Mo rò pé bó bá mu ún tán, á tún bi mí. Kò bi mí mọ́. Ó wọ bàtà rẹ̀."

"Owó tí ọmọbìnrin náà fún yín ńkọ́?"

"Ọjọ́ ọdún ni, ma. Ọmọ tó bá ti ń ṣiṣẹ́, tó kí àgbà lọ́jọ́ ọdún láìfi nǹkan sí i lọ́wọ́, wọn ò kọ́ ọ dáadáa ni." Ó yíjú sí lọ́yà onírun funfun náà, ó sì wò ó díẹ̀. "Ẹ̀yin ti dàgbà. Tí ẹ bá wá, èmi ni màá fún yín lóúnjẹ."

Ọkùnrin náà dúpẹ́. Ó tún béèrè díẹ̀ sí i. Owó ilé ńkọ́? No, sir. Ṣé ó ní in lọ́kàn láti padà lọ máa gbé Ìsẹ́yìn? No, sir. Ọ̀rọ̀ náà ti wá ń dùn ún lẹ́nu. Akọ̀wé kóòtù béèrè bóyá kí òun fún un lómi. Ó ní no. Adájọ́ béèrè bóyá ó fẹ́ sinmi. Ó ní no, ma, kí wọ́n máa bá a lọ, ara òun le. Kíkí ní láti tẹ orí ba kí wọ́n má baà rí ẹ̀rín rẹ̀.

Nígbà tó kan Làtíìfù láti dìde, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti kú. Bírò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mú un, ó tún bọ́. Ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì sọ fún adájọ́ pé òun kò ní ìbéèrè kankan.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ni adájọ́ dá ẹjọ́. Ó sọ̀rọ̀ pẹ́, jẹ́jẹ́, láìwo ẹnikẹ́ni. Mìsítúrà tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Làtíìfù.

"Kí ló wí?"

"Ẹ dúró, Màmá."

"Ó ní kí ni?"

"Ó ní ilé yín ni. Ó ní ẹ kò kúrò níbẹ̀ rí."

Mìsítúrà tún gèlè rẹ̀ ṣe. "Mo sọ fún wọn," ni ó wí. "Mo ní ìkòkò mi wà níbẹ̀."

Bọ́ọ̀sì ni wọ́n wọ̀ padà. Wùmí bọ́ sílẹ̀ ní Camberwell Green láti lọ síbi iṣẹ́, ó ti pẹ́ fún ṣíìfùtì rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ fún Mìsítúrà níbẹ̀ láàárín èrò kó tó sáré lọ. Kíkí ń tẹ fóònù láti sọ fún ìyá rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé Peckham, Rye Lane ti kún: ẹ̀gẹ́ nínú páálí, ẹja gbígbẹ, ìlẹ̀kẹ̀, ohùn oníwàásù kan láti inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Mìsítúrà dúró lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù eléso kan, ó ń fọwọ́ tẹ ọsàn.

"Lọ́yà, ẹ ń bọ̀ nílé. Mo ti bọ ẹran sílẹ̀ láti òwúrọ̀."

"Oníbàárà kan ń dúró dè mí, Màmá. Ẹ má bínú."

"Kíkí ń bọ̀."

"Kíkí lè wá. Ó ti gba ìsinmi títí di ọ̀la."

"Yes," ni Kíkí wí, kò gbé ojú kúrò lára fóònù.

"Ẹ jẹ òkèlé kan péré."

Làtíìfù mi orí.

Mìsítúrà wò ó láti òkè délẹ̀. "Ẹ ẹ̀ rí i bí ayé ṣe rí. Ó kọ́ mi tán, èmi gan-an ló wá ń mi orí sí."

Làtíìfù ti dọ̀bálẹ̀ ìwọ̀n tí ojú ọ̀nà gbà á láyè, ó ti yíjú, ó ti ń lọ. Mìsítúrà sanwó ọsàn. Ó mú ọ̀kan nínú lailọ́ọ̀nù.

"Lọ́yà."

Ó sọ ọsàn náà sí i. Làtíìfù kò tíì yíjú tán tí ọwọ́ òsì rẹ̀ fi gòkè. Ọsàn náà wọ inú rẹ̀, kò dún. Eléso náà, tó rí gbogbo rẹ̀, gbé ọwọ́ kúrò lórí òṣùwọ̀n.

Làtíìfù kí Mìsítúrà, ó sì ń lọ. Ó fi ọsàn náà sínú àpò kóòtù rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bọ́ sẹ́yìn, ó dúró sí ìbàdí, àwọn ìka tí kò tọ́ náà sì yọ: ọ̀kan, ó ká a padà, méjì. Mìsítúrà dúró pẹ̀lú lailọ́ọ̀nù lọ́wọ́, ó wò wọ́n, ó mi orí. Làtíìfù kò rí i. Ó ti ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà ibùdókọ̀ ojú irin, ó ń yà fún ìyá kan tó ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ, ó ń tẹ ẹsẹ̀ kan díẹ̀, ó ń lọ.